Ìyá Tí Kò Mira Níwájú Kámẹ́rà

Wọ́n ní mo fi fíìmù ṣòfò. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ ọ́, àwọn tó sọ ọ́ gan-an á ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ó há mi lọ́fun bí egungun ẹja títí dòní. Mi ò fi fíìmù kankan ṣòfò. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tí mo ṣe ni, bí wọ́n bá sì dá mi padà sí ọmọ ogún ọdún lónìí, tí wọ́n tún gbé kámẹ́rà yẹn lé mi lọ́wọ́, ohun kan náà ni màá ṣe. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ ya tirẹ̀.

Ṣómólú là ń gbé. Bàbá mi ti Ìjẹ̀bú wá, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n ń ṣe, àwọn ló máa ń to lẹ́tà. Wọ́n á ṣa lẹ́tà òjé kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tò wọ́n sínú férémù irin, wọ́n á tún fi ìka tọ ìlà náà lọ tọ ọ́ bọ̀. Bí lẹ́tà kan bá dorí kodò nínú ìwé ìpè ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ohun tí èèyàn bá ti tẹ̀ síta, kò sí ẹsẹ̀ tí a lè fi sáré lé e bá mọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé nìkan ni wọ́n ń sọ.

Ní tèmi, síńímà ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọkọ̀ ìjọba kan máa ń gbé e wá sí pápá, wọ́n á ta aṣọ funfun sáàárín òpó méjì, gbogbo àdúgbò á sì tú jáde. Níbi tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń pariwo lé ẹṣin tó ń sáré lójú aṣọ, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni èmi máa ń lọ dúró sí, tí màá máa wo ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ. Ẹni yẹn ni mo fẹ́ jẹ́. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, wọ́n ní ṣé mo ti rí obìnrin kan nídìí ẹ̀rọ yẹn rí. Mo ní rárá, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó kàn mí.

Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà tí mo gbọ́ pé ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń ya síńímà. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń ṣe é, ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan nítòsí Fádèyí. Mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni fún mi láyè. Mo wẹ̀, mo wọ bàtà, mo lọ. Àwa mẹ́wàá ni wọ́n gbà, èmi nìkan sì ni obìnrin ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ní kí n máa bá àwọn gbálẹ̀ kíláàsì. Mo ní kí wọ́n gbé ìgbálẹ̀ wá, kí n kọ́kọ́ fi gbá wọn síta.

Ọ̀gá wa kì í ṣe èèyàn burúkú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó mọ iṣẹ́, kì í sì í fi du ẹnikẹ́ni. Ó máa ń sọ pé, "Eré kọ́ la fẹ́ ṣe o. Ayé àwọn èèyàn bó ṣe rí gan-an la fẹ́ yà." Ó ní kí kálukú wa lọ wá àgbàlagbà kan, kí a ya bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀, torí àwọn àgbà ń lọ, kò sì sẹ́ni tó ń yà wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Rólù fíìmù kan ṣoṣo ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ẹni tó bá ba tirẹ̀ jẹ́, ó parí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó mú kí gbogbo wa gbé etí sókè: àwọn tó ni ọkọ̀ síńímà ìjọba ń wá ẹni méjì tí wọ́n máa gbà síṣẹ́, òun ni yóò sì yan àwọn méjì náà láàárín wa, ẹni tí fíìmù rẹ̀ bá dára jù.

Ọkọ̀ yẹn kan náà ni. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi fún yín.

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá wa pé ìyá kan tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Bàríga ni màá yà, inú rẹ̀ dùn. Ó fa bébà ya, ó kọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ yà sí i fún mi: èéfín, ọwọ́ tó ti hun, ẹ̀yìn tó ti tẹ̀, ìyá arúgbó ń ru igi, ìyá arúgbó ń húkọ́. Mo bi í pé bí wọn ò bá húkọ́ ńkọ́. Ó ní pẹ̀lú gbogbo èéfín yẹn, wọ́n á húkọ́.

Ará Ìlàjẹ ni Màmá náà, láti etí òkun lápá Oǹdó. (Wọ́n ni mò ń pe Màmá nínú ìtàn yìí, bíi ti àwọn òbí mi. Ọ̀gá wa, ó ni màá máa pè é, torí mo ti dàgbà ju bó ṣe wà nígbà náà lọ.) Omi ló gbé ọkọ wọn lọ, àwọn ọmọ wọn ọkùnrin ló ń pẹja, Màmá fúnra wọn ló ń yan án. Oníbàárà wọn ni ìyá mi, èmi ni mo sì máa ń gba Abúlé Òkúta lọ ra ẹja lọ́wọ́ wọn láti ìgbà tí orí mi ti lè gba apẹ̀rẹ̀. Ẹnu Ìlàjẹ ni wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ wọn wí. Àwa oníbàárà, èdè Èkó ni wọ́n fi ń bá wa ná ọjà. Wọn ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn. Wọ́n sáà mọ̀ pé nígbà tí àwọn kọ́kọ́ dé Bàríga, igbó ló wà níbi tí ọ̀pọ̀ ilé wà báyìí.

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ṣàlàyé ohun tí mo bá wá.

"Fọ́tò?" wọ́n bi mí.

"Ó jọ fọ́tò, Màmá, àmọ́ èyí ń rìn."

"Ta ló ń rìn?"

"Ẹ̀yin náà ni. Wọ́n á máa rí yín bí ẹ ṣe ń rìn, bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́."

Wọ́n yí ẹja kan padà lórí ààrò. "Èmi ni màá tún máa ṣiṣẹ́ nínú fọ́tò."

Wọ́n ti igi kan wọ inú iná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé ẹnì kan ti yà wọ́n rí. Wọ́n ṣì ń tọ́ ọmọ nígbà náà. Ọkọ̀ ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń kó ẹja sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ró ìró mọ́ àyà, ẹrẹ̀ mù wọ́n dé orúnkún. Àlejò kan gbé àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró lẹ́yìn wọn. Kò kí wọn. Wọ́n sáà gbọ́ tí nǹkan ró kẹ́, kí wọ́n tó nàró, ó ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

"Mi ò mọ ibi tó gbé e lọ," Màmá wí. "Àmọ́ ibì kan wà láyé yìí, ọmọ mi, tí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mi ò tíì nàró níbẹ̀ títí dòní."

Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n wò mí lójú. "Bí mo bá gbà fún ọ, ṣé bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n rí mi lo máa yà mí?"

"Bí ẹ bá ṣe fẹ́ náà ni, Màmá."

Ẹyin lohùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lẹ́nu mi bí àmín tí èèyàn ń ṣe sí àdúrà tí kò fetí sí. Bébà ọ̀gá wa wà nínú àpò mi, ọkọ̀ síńímà wà lọ́kàn mi.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ yà wọ́n, mo gbé kámẹ́rà kọ́ apá, mo gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ lé èjìká, mo gba Abúlé Òkúta lọ. Àwọn èèyàn rò pé sọ́féyọ̀ ni mí, pé ìjọba ti fẹ́ gba ilẹ̀. Bàbá kan tẹ̀ lé mi dé ìdajì ọ̀nà, ó ń bi mí ilé ẹni tí mò ń wọ̀n. Nígbà tí mo fi máa dé etí ọ̀sà, mo ti làágùn, inú sì ti ń bí mi díẹ̀.

Mi ò rí èéfín kankan.

Wọ́n ti pa iná. Wọ́n ti gbá àgbàlá mọ́ tónítóní, wọ́n gbé àga onígi kan sí àárín rẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn rẹ̀ sí ọ̀sà. Màmá ti jókòó sórí rẹ̀. Wọ́n ró aṣọ jọ́ọ̀jì pupa, bùbá wọn funfun báláú, iyùn wà lọ́rùn wọn, gèlè wọn le gan-in, ìborùn wà léjìká, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì sì wà nínú bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, ọ̀tún lórí ọ̀tún, òsì lórí òsì, ìka nà tààrà.

"Màmá, iná ńkọ́?"

"Mo ti pa á. Ṣé o fẹ́ kí èéfín bo ojú mi ni?"

Kámẹ́rà ìgbà náà, kọ́kọ́rọ́ la fi ń yí i bí aago. Bí o bá yí i tán, kì í ṣiṣẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú kó tó dúró, o sì gbọ́dọ̀ tún yí i. Mo yí i, mo tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Màmá mí sínú, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀. Wọn ò mi orí, wọn ò mi ọwọ́. Mo dúró de ohun tí wọ́n máa ṣe títí kọ́kọ́rọ́ fi tán, wọn ò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ó ti yé yín. Ta ni kò lọ sílé ayafọ́tò rí? Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ṣe fún èèyàn ni pé kó má mira, torí ẹni tó bá mira, ojú rẹ̀ á di méjì. Màmá ń ṣe bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe níwájú kámẹ́rà ni. Èmi tí mo pe ara mi ní akẹ́kọ̀ọ́, mi ò ro ibẹ̀ rárá.

"Màmá, ẹ lè mira o," mo wí. "Èyí kì í bàjẹ́ bí èèyàn bá mira. Ẹ dìde, ẹ rìn lọ sídìí ààrò."

Wọ́n dá mi lóhùn láìjẹ́ kí ètè wọn kúrò lójú kan: "Ìwọ ya tìrẹ."

Mo tún yí i. Wọ́n tún dúró gbọn-in. Fíìmù ń lọ, ohun tí mo ní kò ju ìyá tó jókòó lọ. Ni mo bá fi kámẹ́rà sílẹ̀, mo fa bébà ọ̀gá wa yọ, mo ń kà á fún wọn bí ìwé ìpè ilé ẹjọ́: igi tí wọ́n máa rù, iná tí wọ́n máa fẹ́. Mo fo ti ikọ́. Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ ìjọba tí mo fẹ́ rí gbà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, pé ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ gbà mí.

Ìgbà yẹn ni wọ́n yí ojú sí mi. Inú ò bí wọn. Wọ́n ní, "Gbogbo ayé ló ti rí mi nídìí iṣẹ́. Ẹja tí mo ti yan, bí wọ́n bá tò ó, á dé Ìkòròdú. Ta ló ti rí mi níbi tí mo jókòó sí? Ìwọ tí ò ń wá síbí láti kékeré, ṣé o rí i rí?"

Mo ronú. Mi ò rí i rí. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn, mi ò rí ìdí wọn lórí àga lọ́jọ́ kan.

"O ṣèlérí," wọ́n wí. Wọ́n sì tún gbé ọwọ́ padà sórí orúnkún.

Inú bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo ní ó dáa, bó bá jẹ́ ìjókòó ni wọ́n fẹ́, ìjókòó náà ni mo máa yà títí fíìmù á fi tán. Mo fi ìbínú yí kọ́kọ́rọ́, mo fi ojú sí ihò kámẹ́rà. Ibẹ̀ ni ìbínú náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára mi. Ohun tí mo rò pé ó dúró kò dúró. Omi ọ̀sà ń lọ lẹ́yìn wọn. Atẹ́gùn ń gbé etí ìborùn wọn sókè, ó ń dá a padà. Iyùn ọrùn wọn ń lọ sókè sódò bí wọ́n ṣe ń mí. Ojú wọn kò sì wo kámẹ́rà, èmi tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ń wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tí a rán níṣẹ́, bóyá yóò jẹ́ ẹ.

Mo yí kọ́kọ́rọ́ náà lẹ́ẹ̀kẹrin, mo yí i lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ara kámẹ́rà ní òǹkà kan tó ń fi ohun tó kù hàn, mo sì rí i pé ó ku díẹ̀. Mo yí i lẹ́ẹ̀kẹfà, ó ń kùn lọ. Ni mo bá sọ pé, "Ó ti tán, Màmá."

Kò tíì tán.

Màmá mí kanlẹ̀. Èjìká wọn rọ̀, ìborùn bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣí gèlè tó ti ń fún wọn lórí, irun wọn funfun, ó ti kù fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni o, wọ́n gbá itan, wọ́n ju orí sẹ́yìn, eyín méjì tó kù lẹ́nu wọn hàn gbangba. Ìka mi ṣì wà lórí kámẹ́rà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé àṣìṣe ni, pé ariwo ẹ̀rọ náà ni kò jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ṣì ń lọ. Irọ́ ni. Mo mọ̀.

Òkè òkun ni wọ́n ń kó fíìmù lọ fọ̀, oṣù méjì kọjá kó tó dé. Ní Sátidé tó dé, a fi ẹní bo fèrèsé kíláàsì, ọ̀gá wa tan ẹ̀rọ. Nígbà tó kan tèmi, tí Màmá jókòó lójú aṣọ tí wọn ò mira, àwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní bóyá ẹ̀rọ ló ti dúró. Ọ̀kan ní ká lọ wo ìyá náà bóyá wọ́n ṣì ń mí. Ọ̀gá wa ń mi orí, ó ń fi ahọ́n ta pọ́ọ́. Mo di ọwọ́ mi, mo ń wo iwájú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín Màmá dé. Àwọn tó ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ na ọrùn wò ó.

Ọ̀gá wa dá fíìmù náà padà, ó tún un wò. "Èyí ni síńímà," ó wí. "Gbogbo èyí tó ṣáájú, fọ́tò ni. Gé ìjókòó yẹn kù díẹ̀ péré, fi ẹ̀rín yìí parí rẹ̀. Bí o bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ìwọ ni nọ́ńbà wáànù. Mo ti rí ẹni kìíní tí màá fún wọn."

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ ọ̀nà tí mo gbà délé. Ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ti ń rí ara mi lẹ́yìn ọkọ̀ síńímà. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo bá bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń tú lẹ́tà òjé palẹ̀, torí orúkọ ọkọ ìyàwó dorí kodò nínú ìwé ìpè, wọ́n sì ti tẹ díẹ̀ síta. Wọ́n ń kùn pé ta ló máa bá àwọn sáré lé e. Mo rántí ẹ̀rín Màmá.

Sátidé kejì, mo sọ fún ọ̀gá wa pé mo fẹ́ lọ bi Màmá kí n tó gé nǹkan kan.

"Kí lo fẹ́ bi wọ́n?" ó wí. "Bí a bá ń bi àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe fẹ́ ká yà wọ́n, gbogbo wọn ló máa wọ aṣọ ọdún."

"Kí ló burú nínú aṣọ ọdún, sà?"

"Ayé wọn kọ́ nìyẹn."

"Àwọn ló ra aṣọ náà, sà. Owó èéfín yẹn ni wọ́n fi rà á."

Ó ní kí n má bá òun jiyàn. Mo kúrò níbẹ̀, mo gba Bàríga lọ tààrà.

Èéfín wà lọ́jọ́ yẹn. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ààrò, wọ́n ń yí ẹja. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí kámẹ́rà rí.

"Mo ṣí gèlè níbẹ̀?"

"Ẹ ṣí i, Màmá."

"Eyín mi hàn?"

"Ó hàn."

Wọ́n yí ẹja méjì sí i. "O sọ pé ó ti tán."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Wọn ò bú mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà fún wọn, pé ẹ̀rín yẹn ló máa jẹ́ kí n rí i gbà. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin. Wọ́n ní, "Ìwọ lo ni iṣẹ́, ṣe é bí o bá ti mọ̀." Lẹ́yìn náà wọ́n fi ewé di ẹja mẹ́ta, wọ́n ní kí n bá wọn kí ìyá mi. Mo sunkún láti etí ọ̀sà dé Abúlé Òkúta, ẹja ń gbóná lọ́wọ́ mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sídìí tábìlì tí a ti ń gé fíìmù. Mo wá ibi tí mo ti sọ pé ó ti tán, mo gbé sísọ́ọ̀sì. Ọ̀gá wa dúró lórí mi.

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń gé?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ohun tí mo jí ni."

"Bí o bá fi ìjókòó lásán hàn, gbàgbé iṣẹ́ yẹn. Fíìmù lo fi ṣòfò yẹn."

Mo gé e lójú rẹ̀. Mo ká èyí tí mo gé sínú bébà tó kọ fún mi, bébà èéfín àti ikọ́, mo fi sí àpò. Wọ́n ní mo lórí kunkun. Orí kunkun náà ni, èmi náà ni mo ni í.

Ọjọ́ tí a fi gbogbo rẹ̀ hàn, ọ̀sán ni, kíláàsì kún àkúnya. Àwọn àgbàlagbà tí a yà wà níwájú. Màmá rin ẹsẹ̀ wá láti Bàríga pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn obìnrin méjì, aṣọ jọ́ọ̀jì pupa yẹn kan náà ni wọ́n ró wá. Wọ́n fi ti àwọn ọkùnrin ṣáájú. Mo rí bàbá tó ń la igi, tí òógùn ń ro lójú rẹ̀. Mo rí ìyá tó ń húkọ́. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Bàbá tó ń la igi jókòó níwájú mi, mo ń rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo àkísà tó wà lára rẹ̀ lójú aṣọ.

Nígbà tó kan tèmi, Màmá jókòó sójú aṣọ, wọ́n ga ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan ní, "Ṣé bó ṣe máa rí nìyí?" Obìnrin kan lápá ẹ̀yìn dá a lóhùn pé, "Dákẹ́, wọ́n ń wò wá." Ariwo náà sì rọlẹ̀. Omi ń lọ, ìborùn ń gbéra, iyùn ń lọ sókè sódò. Lẹ́yìn díẹ̀ ni mo rí i tí bàbá tó ń la igi na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ó fa etí agbádá rẹ̀ wálẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà iwájú láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, gbogbo wọn jókòó bí Màmá ṣe jókòó, títí fíìmù fi já.

Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Bí a ṣe ń tú ẹní kúrò lójú fèrèsé, bàbá náà wá bá mi. Ó ní, "Ìgbà wo lo máa wá ya tèmi?" Mi ò ní fíìmù mọ́. Mo ní kó má bínú.

Ọkùnrin méjì ni ọ̀gá wa yàn. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ọ́ fún mi jẹ́jẹ́, mo ní ẹ ṣeun, sà. Sátidé kejì, mi ò padà síbẹ̀. Mo lọ ṣe olùkọ́ ní Ṣómólú, mo ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìyókù kò kan ẹnikẹ́ni.

Níta, lọ́jọ́ yẹn, Màmá ń dúró dè mí nínú oòrùn. Ohun tí wọ́n sọ kò pọ̀. Wọ́n ní, "Aṣọ yẹn yẹ mí." Mo ní ó yẹ yín, Màmá. Mo wá mú èyí tí mo gé jáde láti inú àpò mi, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Mo fi bí wọ́n ṣe máa gbé e sókè sí oòrùn hàn wọ́n. Wọ́n fi ojú kan wò ó: àwòrán wọn kéékèèké, ọ̀kan lábẹ́ òmíràn, gèlè ń bọ́, ẹnu ń là. Ẹ̀rín kan náà tún bọ́ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Nígbà tí mo tún lọ ra ẹja, mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n fi í sí. Wọ́n fi ẹnu tọ́ka sí ìdí ààrò. "Mo ti fi dáná," wọ́n wí. "Ìwọ ti rí i, ó tó."

Mi ò mọ ibi tí ìyókù fíìmù náà wọlé sí. Ọ̀gá wa kó gbogbo rẹ̀ lọ, ó ní òun ń kó o lọ sí òkè òkun, mi ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó lè ti jẹrà. Ó sì lè wà nínú agolo kan nílé ẹnì kan tí kò gbọ́ Yorùbá. Ibi yòówù kó wà, Màmá kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n jókòó.